Ọmọ Ló Wà Lọ́wọ́ Mi

Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ-ọmọ mi nígbà tí ìyá rẹ̀ bi mí bóyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Dọlápọ̀ kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní, "Màámi, ẹ ò tíì fọwọ́ kan omi ìwẹ̀ ọmọ yìí látìgbà tí mo ti dé. Alhaja yàrá iwájú ló ń wẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

Èmi ni mo ní kó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Bàrígà wá sọ́dọ̀ mi, kí n lè máa bá a wẹ ọmọ, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ wọn tó bá bí àkọ́bí. Mo ra ọṣẹ dúdú, mo ra òrí, mo ra kànrìnkàn tó rọ̀. Ọmọ dé tán, mo wá di ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún lójijì. Ìwé dídì ni iṣẹ́ mi, nílé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Bọ́dúndé. Lóòótọ́ iṣẹ́ wà, torí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá lọ́dún 1999 ni, gbogbo Ṣómólú ló ń tẹ kàlẹ́ńdà ìjọba tuntun. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

"Alhaja ń lọ sí Ìṣẹ́yìn láàárọ̀ Sátidé," ni Dọlápọ̀ wí. "Bí ẹ ò bá ní lè wẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún mi, kí n máa lọ bá ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti ní kí n máa bọ̀."

Mo gbé kàlẹ́ńdà tí mò ń dì lọ sẹ́yìnkùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi. Èmi kì í bú ara mi sínú, ẹnu mi kò gba ìyẹn. "Ọ̀dájú. Aláìnírònú. Ta ló fẹ́ fi ọmọ sí ẹ lọ́wọ́? Èyí tí wọ́n fi sí ẹ lọ́wọ́ níjọ́sí dà?"

"Ta lò ń bá wí?"

Alhaja Munirat ni. Yàrá iwájú ló ń gbé nínú ilé wa. Ó ti gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, etí rẹ̀ kì í sì í sùn.

"Ara mi ni, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tí ò ń bú yẹn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mẹ́sàn-án."

Alhaja fa àpótí, ó jókòó. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Ní Bàrígà, lọ́dún 1963, wọ́n ní kí n wẹ àbúrò mi, Kọ́ládé, nínú ọpọ́n lẹ́yìn ilé. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo fi padà dé, ó ti dojú bo omi. Mi ò rántí ibi tí mo lọ mọ́.

Alhaja kò ní kí n má sunkún. Ó ní, "Ẹni tó wà nínú ẹ, tó ń bú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kí ló ń fẹ́?"

"Alhaja, èmi nìkan ni mo wà níbí o, èmi kì í ṣe ilé ayálégbé."

"Gbogbo wa ni ilé ayálégbé. Dá mi lóhùn."

Mo rò ó. "Kò fẹ́ kí ọmọ kankan kú sí mi lọ́wọ́ mọ́."

"Ó ti ń ṣọ́ ẹ látọjọ́ yẹn? Á ti rẹ̀ ẹ́. Má lé e. Kí i kú iṣẹ́, kó lọ jókòó díẹ̀."

Ojú tì mí, àmọ́ mo kí i. Mo ní, "O kú iṣẹ́ o," bí ẹni tó ń kí ẹni tó gbẹ́rù wọlé. Èjìká mi wálẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà lókè tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Àbẹ̀kẹ́." Oríkì mi ni. Ó pé ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Kọ́ládé ni Màámi, ìyá tó bí mi, ti dákẹ́ orúkọ yẹn. Adébùnmí, orúkọ mi gan-an, ló ń pè mí títí ó fi kú, mo sì gbà pé ìyà tó fi ń jẹ mí nìyẹn.

"Pè é, kó o bi í léèrè ìdí tó fi kúrò lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀. Má jágbe mọ́ ọn o. Obìnrin tó ń rọbí, tó o bá jágbe mọ́ ọn, ṣe ni gbogbo ara ẹ̀ á dì pa. Bi í bó o ṣe máa bi ọmọ ẹlòmíì."

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. "Níbo lo lọ?" ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìgbátí. Mo dijú. Mo rí i: ọmọbìnrin tín-ín-rín, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tó o fi kúrò níbẹ̀?" Mo sì gbọ́ ohùn kan láti ilé ìdáná wa ní Bàrígà, ohùn tí mi ò rántí mọ́ rárá.

"Kí ló wí?" ni Alhaja bi mí.

"Ó ní Màámi ló pe òun. Wọ́n ní kóun mú iyọ̀ wá."

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ kì í jẹ́ kí àgbà pe òun lẹ́ẹ̀mejì. Bó o bá gbọ́ orúkọ rẹ, "Mà!" ni, kó o sì ti máa sáré bọ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá pè mí, ẹsẹ̀ mi á ti gbéra kí etí mi tó gbọ́ tán. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi nílé ìtẹ̀wé.

Inú kọ́kọ́ bí mi sí Màámi, ó bí mi gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé obìnrin yẹn mọ̀. Ó mọ orúkọ tó pè lọ́jọ́ náà, kò sì lè pè é mọ́. Mo wá sunkún fún àwa méjèèjì. Alhaja jókòó tì mí, ó ń bá mi ká kàlẹ́ńdà, ó sì ń ká a wọ́.

"Sọ̀rọ̀ fún ọmọ yẹn," ló wí nígbà tó yá.

"Àbẹ̀kẹ́," ni mo wí, "wọ́n pè ẹ́ lo fi lọ. O ò ṣẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, Alhaja ti lọ. Rédíò ń pariwo ìjọba tuntun láti yàrá gbogbo. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ Dọlápọ̀ sí ojúgun mi. Dọlápọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún oníwàhálà tó ń bú mi nínú mi pé kó máa bá mi wo omi, mo sì ní kí Àbẹ̀kẹ́ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó ké, ó tún dákẹ́, ó ń wò mí.

Mo ti fi ọṣẹ pa á dé ọrùn nígbà tí ẹnì kan pè mí láti iwájú ilé. "Ìyá Dọlápọ̀!"

Ọ̀gá Bọ́dúndé ni, ó wá gba kàlẹ́ńdà. Iṣan itan mi fò. Mo rí ọwọ́ mi tó fẹ́ gbé ọmọ sínú bàsíà kí n lè dìde.

Ó tún pè, "Ìyá Dọlápọ̀!"

"Mò ń gbọ́ yín, sà," ni mo wí, mi ò gbé ojú kúrò lára ọmọ. "Ẹ ní sùúrù. Ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi."

"Kò sí wàhálà," ló fèsì. Mo gbọ́ bó ṣe fa àga jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró. Mo ṣan ọṣẹ kúrò lára ọmọ, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, mo fi òrí pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mi ò sì kánjú. Nígbà tí mo gbé e lé Dọlápọ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Màámi, ta lẹ̀ ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ ń wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni," ni mo wí, mo sì lọ fún ọ̀gá mi ní kàlẹ́ńdà rẹ̀.