Ihò Orville

Nínú ẹgbẹ́ wa lórí ayélujára, àwa tí a ń gbẹ́ ihò sójú yìnyín láti pẹja ní ìlú Duluth níbí, a kì í lé aláfojúdi jáde. Ihò rẹ̀ la máa ń dí. Yóò máa kọ̀wé, yóò máa rí ohun tó kọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní rí i, àfi Marlys Haugen, alábòójútó wa. Bí kò bá rí ẹni dá a lóhùn, á sú u, á dákẹ́.

Orville Tveit kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Dale, àbúrò Marlys, fi àwòrán ẹja rẹ̀ hàn wá, Orville ní: "Ṣé ẹja nìyẹn, àbí ìdẹ? Ìyà tí ìyá yín jẹ láti bí ẹ̀yin méjèèjì, àṣedànù ni!"

Kò tíì ju oṣù kan lọ tí wọ́n sin ìyá náà.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Marlys wí. "Mo ti dí ihò rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, òun pàápàá kò ka ọ̀rọ̀ Orville mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Dale ń múra àtilọ pẹja lẹ́nu odò Lester. Ọkàn Marlys kò balẹ̀. Kò mọ ohun tó mú un ṣí ọ̀rọ̀ Orville wò. Ti àná ni ó rí:

"Ẹ̀yin òmùgọ̀, yìnyín ti là lẹ́nu odò."

Lẹ́yìn náà: "Mo ti jìn sómi. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn."

Marlys pe àwọn ọlọ́pàá, ó sì pe àbúrò rẹ̀. "Dale! Níbo lo wà?"

"Ilé ni mo wà jàre. Orville ló ní ká má lọ, pé yìnyín ti là. Ó tún pè mí ní ọ̀dẹ̀! O ti ṣí ihò rẹ̀ ni?"

"Ìgbà wo ló kọ ọ́?"

"Ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí ni."

Marlys wò ó. Dídí ni ihò náà ṣì wà.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n fa Orville yọ lábẹ́ yìnyín. Ó ti kú láti àná.

Ọlọ́run tí ó gbọ́ Jona nínú ibú kò di etí. Àwa la di tiwa. Marlys kúnlẹ̀, ó tọrọ àánú, ó sì ṣí ihò náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ Orville tú jáde lójú wa, èébú àti ẹ̀bẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń dá a lóhùn: "A gbọ́, Orville. A ti gbọ́."

Nísàlẹ̀ ìdáhùn wa, àmì kan yọ:

Orville ń kọ̀wé.