Bátìrì Tírélà Jẹ́jẹ́

Nítorí pé kì í sáré lójú ọ̀nà ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn tó dá a gúnlẹ̀ kò ṣe jẹ́jẹ́ rárá. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu ti wọ́. Tírélà rẹ̀ dúró gbagidi nínú ọgbà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó já geere lẹ́nu rẹ̀ ni "bátìrì."

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kí ló ṣe bátìrì, bàbá wọn?"

"Tú u. Má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì á fa agbára ẹ̀. Orí pákó ni."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. "Ìyàwó wa, ohun tí èèyàn ò lò, báwo ló ṣe máa bàjẹ́?"

 Obìnrin náà ránṣẹ́ pe ríwáyà tó máa ń tún iná ọkọ̀ náà ṣe. Ìyẹn tú bátìrì méjèèjì, ó ha ìdọ̀tí funfun tó dì mọ́ wọn lórí, ó kó wọn wọ yàrá ẹrù. Nígbà tó rí pákó lọ́wọ́ ìyá náà, ẹ̀rín pa á.

"Màmá, bátìrì ayé àtijọ́ nìyẹn. Ti ìsinsìnyí, ike ló wà nídìí ẹ̀, sìmẹ́ńtì ò lè fà á. Ìjókòó lásán ló ń pa á. Ẹ máa fún un níná lóṣooṣù. Tí omi inú ẹ̀ bá sì fà, omi bátìrì ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ."

"Mo gbọ́. Ẹ gbé e lé pákó."

"Màmá, mo ní kò sí..."

"Mo ní mo gbọ́. Ọkọ mi ló ni bátìrì."

Bí ìtọ́jú bátìrì ṣe di ara ìtọ́jú aláìsàn nìyẹn. Tó bá ti wẹ ọkọ rẹ̀, tó ti fi òróró ra apá tó rọ náà, tí ọjọ́ iná bá pé, á ṣí fèrèsé yàrá ẹrù sílẹ̀ gbayawu, á sì fi wáyà ṣájà kọ́ bátìrì méjèèjì. Á padà wá jíṣẹ́: "Wọ́n ti ń jẹun o." Jẹ́jẹ́ á mi orí.

Ṣùgbọ́n apá náà ò gbéra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ wí i: "Ta tírélà náà." Ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá ẹrù lọ, ó gbọ́wọ́ lé bátìrì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ọjọ́ tí ẹni tó ra tírélà náà wá gbé e, wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dá bátìrì méjèèjì padà sínú ọkọ̀, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì bú jáde, ilẹ̀ mì. Ọwọ́ òsì Jẹ́jẹ́ wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kàn, ó dì í mú.

"O ṣeun," ó ní.

Tírélà jáde ní géètì, eruku rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣé ká wọlé?" ni ìyàwó bi í.

"Ká ṣì jókòó ná."

Obìnrin náà fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó jókòó.