Béèsì Tó Wà Lábẹ́ Ohùn Bàbá Wa

Ohùn tí àbúrò mi ọkùnrin gbé wá sí yàrá iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà ti dára jù. Ohun tó kọ́kọ́ mú ara fu mí nìyẹn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a sin bàbá wa. Tíṣà ni wọ́n nígbà ayé wọn. Tí wọ́n bá pe orúkọ ní kíláàsì kìíní, kíláàsì kẹfà á dáhùn. Èmi fẹ́ kí a ta ilé wọn, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Àbúrò mi, tó ń bá wọn gbé inú ilé náà, kò fẹ́. Àfi bó ṣe yọ fóònù jáde wàrà, tó ní Bàbá ti sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Mo so fóònù náà mọ́ sípíkà.

"Ẹ má ta ilé yìí," ni ohùn náà wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyá yín máa gbé inú rẹ̀."

Ohùn náà kún débi pé omi inú ife orí tábìlì ń mì. Màmá, tó bá a wá, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán.

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Fóònù kékeré yẹn kò lè gba béèsì, ìró ìsàlẹ̀ tó ń mi omi, láéláé. Ẹ̀rọ kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣe irú rẹ̀: yóò wo ohùn tó wà nílẹ̀, yóò ṣẹ̀dá òmíràn tó jìn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín á wá di ohùn àgbà. Èmi náà ni mo kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láti kékeré ló sì ti máa ń sín Bàbá jẹ.

"Ejò lọ́wọ́ nínú," mo wí. "O fi béèsì sí i, àbí o ò fi sí i?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Mo fi sí i."

"Ọwọ́ bà ọ́! Ìwọ lo sọ̀rọ̀, o wá fi ẹ̀rọ sọ ara rẹ di Bàbá. Ohùn òkú lo fẹ́ fi gba ilé!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí."

"Ká fi kí ni sílẹ̀? Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

Mo wá inú fóònù náà títí mo fi rí èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn. Mo gbé e sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde tín-ín bíi ti ọmọdé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín! Ṣé Bàbá nìyí?"

Màmá ti dìde. Wọ́n ti dé ìdí sípíkà, wọ́n fi ọwọ́ lé e lórí.

"Bàbá yín nìyí," wọ́n wí. "Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbé sí i ni mi ò mọ ẹni tó ni ín."

Àbúrò mi kò tíì gbé ojú sókè. "Oṣù méje tí àìsàn fi ṣe wọ́n ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Àwọn ló bẹ̀ mí pé kí n tún un ṣe. Wọ́n ní ohùn tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ gbọ́, kí ẹ má gbọ́ àwọn báyẹn."

Oṣù méje ọ̀hún, mi ò yọjú síbẹ̀. Tí mo bá pe fóònù, wọ́n á ní Bàbá ń sùn. Mi ò fura rárá. Kí n sọ òótọ́, ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títa ilé tán lẹ́nu mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ àbúrò mi.

"Tún un gbé sí i," ni Màmá wí. "Má fi nǹkan kan kún un."