Gbólóhùn Tí Wọ́n Fàlà Sábẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ wo ni? Ọjọ́ wo ni wọ́n kanlẹ̀kùn tí mi ò kọ ọ́ síbẹ̀? Ta ni kì í kan ilẹ̀kùn ilé wa? Ẹni tó ń ka mítà iná ń kàn án. Àwọn ọmọ tí bọ́ọ̀lù wọn bá já sí àgbàlá wa ń kàn án. Bọ̀ọ̀dá kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ti pẹ́ jù nínú yàrá yẹn, ẹni tó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ á máa wọnú ara wọn fún un. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ojú ìwé kẹsàn-án iṣẹ́ ìwádìí mi. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní máàkì lórí ẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Fọ́ọ̀mù wà lórí orúnkún mi, pẹ́ẹ̀nì wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ńṣì yìí sì le bí òkúta.

Kì í ṣe fọ́ọ̀mù tó nira. Ojú ewé kan ni, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á kà á já. *Èmi tí wọ́n kọ iṣẹ́ yìí nípa mi, wọ́n ti kà á fún mi, mo sì gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.* Ìlà kan fún ìbuwọ́lùwé, ìlà kan fún ọjọ́. Méjèèjì ṣófo. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lódìkejì ilẹ̀kùn yìí nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní aago méjìlá. Ó ní tó bá ti kọjá aago méjìlá, iṣẹ́ ẹni tó tẹ̀ lé mi lòun máa fi síwájú ìgbìmọ̀, ẹni náà lòun sì máa gbà fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Kì í ṣe pé ó rorò. Àyè kan ṣoṣo ló ní.

Tí mi ò bá rí àyè yẹn gbà... ìwé ìgbélùú mi tán ní ìparí sáà yìí. Mo padà sílé nìyẹn. Sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, níbi tí Màmá ń gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn Bọ̀ọ̀dá láàárọ̀, tí wọ́n á tún wá kó àwo ọ̀hún láìsọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Mi ò fẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán: ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí ju ẹ̀rù kí n dá wà nílẹ̀ onílẹ̀ títí ayé lọ.

Mo lè buwọ́ lù ú fúnra mi.

Ó rọrùn. Mo mọ ìbuwọ́lùwé Bọ̀ọ̀dá ju tèmi lọ. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, òun ló ń buwọ́ lu ìwé èsì ìdánwò mi ní sáà kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Á fi ìlà gígùn kan parí rẹ̀, ìlà tó tẹ̀ bí èyí tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fà síbi tí apá aṣọ máa wà. Á ní, "Ipò kẹta? Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?" Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́wàá ló fi jù mí, síbẹ̀ ó ń bá mi ṣeré bí ẹgbẹ́. Ìlà gígùn kan péré. Ta ló máa ti ibí lọ bi í léèrè?

Rárá. Jẹ́ kí n ronú ná.

Télọ̀ ni. Mo kọ ọ́ pé ó jẹ́ télọ̀ *tẹ́lẹ̀*, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ò sì dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á. Ọdún kan lẹ́yìn ikú Bàbá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi sòkòtò oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ti rán ẹsẹ̀ kan, ó ku ẹsẹ̀ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wálé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Ọdún mẹ́jọ rèé. A ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. A ní á bọ̀ sípò. Nígbà tó yá, a ò sọ nǹkan kan mọ́.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá kọ́ saikọ́lọ́jì níbi tó jìn tó báyìí. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi bẹ̀ wọ́n nìyẹn: kí n lè lóye ìyà tó ń jẹ èèyàn nínú. Ó dùn ún kà. Màmá ní tiwọn ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé iṣẹ́ dókítà ni mò ń kọ́, làwọn aládùúgbò bá ń béèrè oògùn ẹ̀yìn ríro lọ́wọ́ wọn. Màmá á ní kí wọ́n ní sùúrù, ọmọ òun ò tíì dé ibi ẹ̀yìn.

Orúkọ wà fún gbogbo nǹkan níbí. Orúkọ wà fún ẹni tó kọjú sógiri. Orúkọ wà fún ẹbí tó ń fi aláìsàn pamọ́. Mo há wọn sórí bí ọmọdé ṣe ń há ìsodipúpọ̀, mo tò wọ́n sínú iṣẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni K. ni mo pe Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá mi, tí mi ò jẹ́ la ẹnu pe orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fi pè é. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó dáa, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ tèmi, máàkì tó ga jù ní kíláàsì ni wọ́n sì fún mi. Mo ní ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ládùúgbò tí mo gbé rí ni. Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yìí: *ìbátan òǹkọ̀wé pẹ̀lú ẹni náà*. Ìyẹn ò ṣófo. Mo ti kọ ọ́ láti àná. "Kò sí."

Kò sí...

Ojú ìwé kẹrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn jù. *Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó wá a wá, òun náà kò sì gbìyànjú rí láti jáde.* Ó fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Gbólóhùn yìí ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró," ó wí. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò gbìyànjú rí?" Mo ní mo wádìí ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, inú mi sì dùn. Ká sòótọ́, inú mi dùn dé ilé.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ò ní ju ọjọ́ kan lọ: mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá, Bọ̀ọ̀dá á buwọ́ lù ú, wọ́n á fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá gbé fóònù lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ wọn. "Àbúrò rẹ fẹ́ ka nǹkan fún ẹ. Ṣáà gbọ́ ọ." Mo kà á. Mo ń kà á, mo ń tú u sí èdè wa bí mo ṣe ń lọ, ó sì gbà tó wákàtí kan. Nǹkan burúkú ni. Gbogbo orúkọ ńláńlá yẹn, wọn ò gbà kí n tú wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku pé ọkùnrin kan kọjú sógiri, ìyá rẹ̀ sì ń gbóúnjẹ fún un. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo kà á tán, mo ti ń rò pé ó ti sùn—

"O kọ ọ́ dáadáa."

Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ṣùgbọ́n o ò kọ ti ọjọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn."

"Ọjọ́ wo lẹ ń sọ, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Fi í síbẹ̀, màá buwọ́ lù ú."

Kò bínú. Bó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un ló ṣe sọ ọ́: lọ mú bọ́tìnì wá, màá parí ẹ̀ fún ẹ. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀dì dún, Màmá sì gba fóònù padà.

Mi ò sì mọ̀ ọ́n. Láti àná ni mo ti ń wá a. Mi ò mọ ọjọ́ kankan.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Mò ń lọ yúnífọ́ọ̀mù mi ní pálọ̀. Màmá ò sí nílé. Bọ̀ọ̀dá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì... Ṣé o rí nǹkan? Tí mi ò bá mọ ọjọ́ kankan, kí ló sọ fún mi pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni? Kí ló sọ fún mi pé mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí kọ́là nígbà tí mo lọ ṣílẹ̀kùn?

Olùkọ́ lẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń kọ́ níwèé. Òun ni Bọ̀ọ̀dá fẹ́ fẹ́, a sì ti ń pè é ní Ìyàwó kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ mí, kó má bàa pe ọmọ ilé lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ó ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, orí mi sì ń wú. Ó wọ aṣọ búlúù tí Bọ̀ọ̀dá rán fún un. Ó gbé fúláàsì oúnjẹ dání.

"Opẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Mo dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò bá wọn."

"Wọ́n ti rìnrìn àjò."

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ó kàn yọ́ jáde lẹ́nu mi. Lọ síbo? Ibi iṣẹ́ kan ni. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀? Wọn ò sọ fún wa. Bàtà Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́yìn mi gbalaja. Ìyàwó wo bàtà, ó wò mí. Èmi náà ò gbójú kúrò. "Ẹ bá mi kí wọn tí wọ́n bá dé." Ó gbé fúláàsì rẹ̀ lọ. Kò padà wá mọ́.

Mo ń dáàbò bo Bọ̀ọ̀dá ni. Irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu, kò wẹ̀, yàrá ti ń rùn. Bí obìnrin yẹn bá rí i bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní sá lọ ni? Àánú ni mo ṣe é. Àánú...

Ta ni mò ń purọ́ fún lórí bẹ́ńṣì yìí? Ojú ló ń tì mí. Òun tó ń buwọ́ lùwé mi, òun tí mo fi ń yangàn níléèwé, ojú rẹ̀ ló ń tì mí, kí wọ́n má bàa sọ pé orí ẹ̀gbọ́n mi ti dàrú. Nígbà tí Màmá dé mo sọ fún wọn ohun tí mo wí. Wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀rọ̀ ilé. Bọ̀ọ̀dá rìnrìn àjò. Nínú iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ pé *ẹbí náà* yàn láti fi í pamọ́. Ẹbí. Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀, èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ kí òjò má pa á.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lè sáré, ọdún mẹ́jọ péré. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bọ̀ọ̀dá ló kó o.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ̀?

Dúró ná. Báwo ló ṣe mọ̀ pé wọ́n kanlẹ̀kùn? Yàrá rẹ̀ ló kángun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí ilẹ̀kùn bá padé, èèyàn ò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀. Mo ti sùn níbẹ̀ rí. Àfi kó má sí lórí bẹ́ẹ̀dì... àfi kí ilẹ̀kùn má padé...

Bí Ìyàwó ṣe lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo yí padà. Òórùn kọ́là tó ń jó gba ilé kan. Ilẹ̀kùn Bọ̀ọ̀dá ṣí díẹ̀, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo rí ìka rẹ̀ lára igi ilẹ̀kùn. Mẹ́rin. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó ti wọ sòkòtò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a bẹ̀ ẹ́ kó dìde, kò dìde. Ó gbọ́ ohùn obìnrin yẹn, ó dìde. Ó ń bọ̀. Ó gbọ́ èmi náà. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi igi sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì padé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Mo rí i. Kì í ṣe pé mi ò rí i. Mo kọjá lọ yọ áyọ́ọ̀nù.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣíwọ́ títẹ kọ̀ǹpútà. Ìlà méjèèjì ṣì ṣófo, mi ò sì ní fọwọ́ kàn wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá ìgbìmọ̀ á gba iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé rẹ̀ purọ́ nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá màá wà níbí lóṣù tó ń bọ̀. Mo ṣí ojú ìwé kẹrin, mo fa ìlà dúdú kọjá lórí gbólóhùn tó gbé gbogbo iṣẹ́ ró, mo sì ń kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní èdè tí mo fi kà á fún Bọ̀ọ̀dá, kó lè jẹ́ òun ló kọ́kọ́ máa yé.

Ẹnì kan wá a wá. Ó dìde. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà.