Ìlà Kẹta Lórí Káàdì Àlejò

Ohun mẹ́rin ló bàjẹ́. Akọ̀wé ilé ìtọ́jú ajá kọ ohun tí kò mọ̀ sórí káàdì. Ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lù ú láìwo ajá náà. Alábòójútó ilé tí mo ń gbé ka káàdì, ó sì gba ohun tó kà gbọ́ ju ohun tó fojú rí lọ. Ẹ̀kẹrin, èmi fúnra mi ni mo fi káàdì náà hàn án.

N ó kọ́kọ́ sọ ti ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń dá ara mi láre.

Mo ti lo oṣù méje ní ìlú yìí kí n tó gba ajá náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fèsì sí ìwé ẹ̀sùn àwọn tí omi ẹ̀rọ wọn kò yọ. Yàrá kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ohùn mi kì í jáde mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá pè. Àga méjì ló wà nílé mi. Ìkejì kò tíì mọ ìdí èèyàn.

Nígbà tó sú mi, mo lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí olówó wọn kọ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: irun aláwọ̀ eérú tó ki, etí ṣóńṣó, ìrù tó ká lé ẹ̀yìn bí òrùka, ojú méjèèjì búlúù. Kò gbó. Ó gbé imú sókè, ó fa ohùn gígùn kan bí ẹni tí ń ròyìn ìrìn àjò tó jìn. Mo sọ ọ́ ní Àlejò. Ìlà kìíní lórí káàdì rẹ̀ sọ pé akọ ni. Ìkejì sọ pé ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní ìlà kẹta, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìran ajá, wọ́n kọ ọ́ pé: ọmọ ìkookò.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró lójú pópó. "Irú ajá wo nìyí?" N ó yọ káàdì jáde. Wọn á lanu, wọn á dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Mo mọ̀ pé ajá tó ń sá fún ìgbálẹ̀ kò lè jẹ́ ọmọ ìkookò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń mú èèyàn dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta, èèyàn mọ́kànlélógún béèrè ìran ajá mi. Kò sí ẹni tó béèrè orúkọ mi.

Ẹni kejìlélógún ni alábòójútó ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí.

"Ọmọ ìkookò! Nínú ilé tí èmi ń ṣọ́?"

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Bàtà yín ló ń lá yẹn."

"Ó ń tọ́ mi wò ni!" Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ìwé ilé sọ pé ẹranko igbó kò gbọdọ̀ gbé níbí. Ọjọ́ méje ni mo fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Àbúrò mi, dá a padà. Ṣé ajá ni yóò máa bá ẹ jẹun títí ayé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ìbá tún bá mi jẹ ẹ́?"

"Ó tiẹ̀ ń bá ẹ fọ abọ́?"

"Ó ń lá a."

A rẹ́rìn-ín, ó sì ní òun fẹ́ gbé ọmọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú Àlejò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, obìnrin kúkúrú kan tí ń bá ajá sọ̀rọ̀ ju olówó ajá lọ. "Ọkọ mi, ya ẹnu, kí n rí eyín ẹ." Ó ti ìka bọ inú irun rẹ̀, ti òde le, ti abẹ́ rọ̀ bí òwú.

"Ta ló pe èyí ní ìkookò? Ìkookò kì í lójú búlúù. Ìrù rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ ni, kì í ká. Àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ọkọ mi yìí fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ajá ilẹ̀ yìnyín ni, irú àwọn tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín tàbí tí ń bá ọdẹ rìn."

"Èwo gan-an nínú wọn, mà?"

"Ojú kò lè sọ ìyẹn. Ẹni tó bá fojú sọ ọ́ fún ẹ, irọ́ ló pa."

Ó fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlejò fún àyẹ̀wò. Èsì yóò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ ìwé pé ajá náà kò jọ ìkookò, mo sì gbé e fún Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Kò tilẹ̀ ṣí i.

"Dókítà kọ́ ló fún ọ ní ajá. Ibi tí káàdì ti wá ni àtúnṣe rẹ̀ yóò ti wá."

Ní ọjọ́ kẹrin, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo fa Àlejò lọ bá akọ̀wé ilé ìtọ́jú ajá. Mo bi í ibi tó ti rí ìkookò, ó nàka sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Mẹ́tàlá jẹ́ ajá onírun kúkúrú. Ìkẹrìnlá ni ìkookò, tí wọ́n yà síbẹ̀ kí èèyàn lè mọ ibi tí ajá ti ṣẹ̀ wá.

"Gbogbo ajá tó bá wọlé, èyí tó bá jọ jù ni mo ń kọ."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò fi àyè náà sílẹ̀?"

"Àyè kì í ṣófo níbí. Bó bá ṣófo, ọ̀gá kò ní buwọ́ lù ú. Onírun púpọ̀ kan ṣoṣo tó wà lára ògiri nìyẹn. Àbí kí n pè é ní àgùntàn?"

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ògiri ni àwọn wò.

"Bí mo bá wá dá a padà ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ ìkookò tí wọ́n bá dá padà, a kì í tún fi fún ẹlòmíràn."

"Kí lẹ máa ń fi í ṣe?"

Ó wo gègé ọwọ́ rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni. Kì í jí mọ́."

N kò kanlẹ̀kùn kí n tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin àgbà ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ́tí sí mi dópin.

"Ọmọ mi, mú èsì àyẹ̀wò wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó tún un ṣe."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, mà."

"Kí ni kí n wá kọ? Ìwọ kò mọ ìran rẹ̀. Dókítà kò mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n."

Àlejò jókòó lé ẹsẹ̀ mi, ó wúwo, ó sì gbóná. Mo gbé káàdì síwájú obìnrin náà.

"Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, mà. N kò ní kí ẹ fún un ní ìran. Ẹ fa igi lé ìlà kẹta, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tí ẹ fi buwọ́ lu ti àkọ́kọ́ buwọ́ lù ú nísinsìnyí, kí n tó jáde níbí."