Aago Tí Wọ́n Gbé fún Àlejò

Kí-ló-fà-á ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, torí láti kékeré, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa gbọ́ tí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gbé orúkọ náà wá láti ilé. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, òun sì ni ọ̀gá. Nílé, bọ̀ọ̀dá ló ń pè é. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá. Tí inú bá ń bí i, á pa méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ ta kókó. Wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá nínú yàrá kan tó máa ń tutù nini. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tó pín in sí kéékèèké, tí ìpín kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òun ni odindi kọ̀ǹpútà. Àwọn ìpín yìí ni wọ́n ń pè ní àlejò. Ètò tó pín wọn ni wọ́n ń pè ní onílé. Oníbàárà á wá háyà àlejò kan, á sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí. Àlejò á máa báṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́, àfi tó bá fẹ́ ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni yóò dáṣẹ́ dúró, á jáde tọ onílé lọ, onílé á dá a lóhùn, á tún padà sídìí iṣẹ́. Kí ojú tó ṣẹ́, ìjáde kan ti parí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Oníbàárà wọn kan, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, ló fi fóònù gbé ẹjọ́ wá. Kò pariwo rárá. Ó kàn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àwọn èrò mi ní kí n bá àwọn béèrè. Wọ́n ní bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń pẹ́ kó tó jáde yìí, ṣé kí àwọn kúkú máa fẹsẹ̀ rìn lọ ni?”

Ọ̀gá ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà sí i.

“Ẹ má tíì rà á,” ni Kí-ló-fà-á wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó fà á.”

“Mo ti mọ̀ pé ohun tí wàá sọ nìyẹn.”

Ó jókòó ti àlejò obìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wo ohun tó ń gbé e jáde. Ọkàn rẹ̀ ti sọ pé yóò jẹ́ nǹkan gidi. Nígbà tó rí i, ẹ̀rín mú un débi pé tíì ta sílẹ̀ lórí tábìlì. Aago ni. Bí èrò kan bá fọwọ́ kan ìjókòó tó fẹ́, àlejò á jáde lọ béèrè pé kí laago wí. Bó bá kọ orúkọ èrò náà sílẹ̀, á tún lọ béèrè. Bó bá béèrè tán, á fẹ́ mọ bí òun ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ìbéèrè yẹn, á tún jáde. Àlọ-àbọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ti wá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ aago wà lára kọ̀ǹpútà náà. Àlejò ì bá wò ó níbi tó jókòó sí, ká ní ẹnìkan kò ti sé e mọ́ ọn lójú. Kí-ló-fà-á wá ẹni tó kọ ìlà tó sé e sínú ètò onílé. Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ni.

Ó po tíì méjì, ó gbé ọ̀kan tọ ọ̀gá lọ.

“Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀gá, ẹni tó sé aago mọ́ àwọn àlejò yìí, kí ló ṣe é?”

Ọ̀gá gbójú sókè. “Èmi ni.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Kí ló fà á ni mo bi yín.”

Ọ̀gá gba tíì, ó mí kanlẹ̀. Ó ní nígbà kan, àwọn gbé àlejò alágbàfọ̀ kan láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn. Aago ti ìkejì kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ni àkókò bá fẹ̀yìn rìn mọ́ àlejò náà lọ́wọ́. “Wọ́n bá a nínú àkọsílẹ̀ alágbàfọ̀ pé ó ti fọ aṣọ, ó ti lọ̀ ọ́, kí aláṣọ tó gbé e wá. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ò kéré. Láti ọjọ́ náà, àlejò tó bá fẹ́ mọ aago, kó wá bi onílé.”

“Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.”

“Èwo wá loògùn ẹ̀, dókítà?”

Kí-ló-fà-á kò tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ya àlejò kan sọ́tọ̀ fún ìdánwò, ó ṣí aago fún un, ó gbé e láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Aago fò padà sẹ́yìn lójú gbogbo wọn. Ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ sí àná,” ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu.

Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò rẹ̀ dénú. Nígbà tó yà kí ìyá wọn nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ṣì le. Ìyá gbọ́ gbogbo àlàyé, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò yé e.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ti ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí o ti ń rá,” ni ìyá wí. “Ṣé o wá torí ìyẹn jókòó sójú kan?”

Lọ́jọ́ kejì ló rí i. Kò yẹ kí àlejò máa wo aago lásán; ó yẹ kó mọ iye tí yóò fi kún un kó lè bá aago ibi tó ti ń bọ̀ mu. Ó ya ojú ìwé kékeré kan sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tí onílé nìkan lè kọ nǹkan sí, tí àlejò kàn lè kà. Bí wọ́n bá gbé àlejò kúrò níbì kan, kí ó tó lajú níbòmíràn, onílé á ti tún iye náà kọ. Àlejò á wo aago, á ṣe ìṣirò rẹ̀ níbi tó wà, kò ní í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wò ó títí. “Tí àlejò bá ń kà á nígbà tí onílé ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Á ka ìdajì àtijọ́ mọ́ ìdajì tuntun.”

Kò tíì ronú dé ibẹ̀. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ọ̀gá fa àga sún mọ́ ọn. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń gba pátákó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe máa ń jà sí rédíò nílé. Ìgbà tí wọ́n máa parí, wọ́n ti fi nọ́ńbà kan sórí ojú ìwé náà tí onílé máa ń yí padà kó tó kọ̀wé àti lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán. Bí àlejò bá rí i pé nọ́ńbà náà yí padà lójú òun, tàbí pé onílé ṣì ń kọ̀wé lọ́wọ́, á tún un kà.

Wọ́n gbé àlejò ìdánwò lọ, wọ́n gbé e bọ̀, wọ́n tún gbé e lọ. Aago kò fẹ̀yìn rìn. Kí-ló-fà-á nawọ́ láti pa ìlà àtijọ́ rẹ́, ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Jẹ́ kí n pa á fúnra mi. Èmi ni mo bí i.”

Nígbà tí wọ́n gbé ọgbọ́n tuntun náà dé ọ̀dọ̀ àlejò onítíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn àlejò yòókù, obìnrin náà pè. Ó ní èrò kan ń ṣàròyé pé òun ò tíì pinnu tán tí tíkẹ́ẹ̀tì fi jáde. Ọ̀gá kò tíì dá a lóhùn tí ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà fi sáré gòkè wá.

“Ọ̀gá, ẹ dákun, nǹkan ti kú nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ ariwo fáànù mọ́.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn. Iná ń tàn lára àwọn kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn fáànù tó máa ń hó bí òjò ti rọlẹ̀, torí àlọ-àbọ̀ tó ń mú kọ̀ǹpútà gbóná ti dópin. Kí-ló-fà-á ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà mi orí, ó tún fetí sílẹ̀ díẹ̀.

“Ó dáa pé kì í ṣe etí mi,” ló wí. “Ìyàwó mi ti ní kí n lọ rí dókítà etí.”