Ohùn Lyle Lórí Lẹ́tà Tuntun

Lọ́jọ́ Àìkú tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Harlow Forks fẹ́ yí orúkọ padà, Ardis Tollefson tètè dé ẹnu iṣẹ́. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni iléeṣẹ́ kékeré náà ti ń gbé ètò iléeṣẹ́ ńlá kan láti New York. Wàyí, ó ti kọ onítọ̀hún sílẹ̀ fún òmíràn, bí obìnrin tí ó kọ ọkọ, tí ó fẹ́ ẹlòmíràn, tí ó sì pa orúkọ dà. KJVO ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán, KZUB ni.

Èyí tí ó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa gbé. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dun Ardis. Òfin ni pé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí iléeṣẹ́ pe lẹ́tà mẹ́rin tí ó ń jẹ́ àti orúkọ ìlú rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́. Lyle ọkọ rẹ̀ ló ń pè é kí ó tó kú, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń lo téèpù rẹ̀. Ardis ló ń tẹ bọ́tìnnì, ó sì ń gbọ́ ọkọ rẹ̀. Kò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé rí. Ta ni í tọ́jú omi pa mọ́ nígbà tí odò ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà?

Duane, ọ̀gá ibẹ̀, gbé téèpù tuntun wá pẹ̀lú àwo ọ̀dùnkún àti ẹran tí ìyàwó rẹ̀ yan.

"Ẹ má bínú, Ardis. Ará Chicago kan ló kà á. Ohùn ẹ̀ dùn gan-an."

"Ṣé ó tiẹ̀ mọ ibi tí Harlow Forks wà?"

"Kò mọ̀. Kò sì béèrè."

"Ó gbọ́n. Ìwọ náà tí wọ́n bí síbí, o kúkú ń sọnù lọ́nà odò."

Agogo méjìlá ọ̀sán lù. Ardis ti téèpù tuntun náà bọ inú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Lyle sọ̀rọ̀. "KZUB, Harlow Forks," ó wí, bó ṣe máa ń wí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Duane gbé àwo náà sílẹ̀. "Kí lẹ fi sí i?"

"Ohun tó o gbé fún mi ni."

Wọ́n gbọ́ téèpù náà nínú ẹ̀rọ kejì, tí kò dé orí afẹ́fẹ́. Ará Chicago ni. Lyle sì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan lẹ́tà tuntun kankan.

Ní agogo kan, Lyle tún ni. Obìnrin kan pè lórí fóònù pé òun dúpẹ́ tí wọn kò gba Lyle lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀rù ń ba Ardis, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn ju ẹ̀rù lọ.

Ní agogo méjì, ohùn náà ti há, bí ti ẹni tó ti rẹ̀. Ardis mọ ohùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Lyle ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí yìnyín bá dí ọ̀nà, tí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ọ̀nà wá. Ní iléeṣẹ́ náà, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í dìde lórí àga iwájú ẹ̀rọ títí ẹni tó ń bọ̀ yóò fi wí pé, "Mo ti gbà á." Orí àga yẹn ni Lyle kú sí.

"Duane, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Lyle jáde, ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Èmi ni mo jókòó."

"Ṣé o wí i?"

"Òkú ni, Ardis. Kí ni mo fẹ́ wí fún òkú?"

Ardis fa téèpù Lyle àtijọ́ yọ, ó sì fi í sẹ́rọ kejì. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀, àfi híhó bí òjò. Téèpù náà ti gbó tipẹ́. Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ti téèpù. Lyle ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń kà.

"Ẹ dákẹ́ ni," Duane wí, kò wo ojú rẹ̀. "Bí ẹ bá dákẹ́, yóò máa wà."

Ó wu Ardis. Ó wù ú débi pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Agogo mẹ́ta lù. "KZUB," Lyle wí. Níbi tí orúkọ ìlú yẹ kó wà, ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan tí ìtìjú kò jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Harlow Forks."

Ardis mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Mo ti gbà á, Lyle," ó wí. "Máa lọ sinmi."

Wọ́n gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ pé ẹnì kan ti àga sẹ́yìn. Àga tí Ardis jókòó lé kò mì. Ẹsẹ̀ rìn lọ, ilẹ̀kùn kan sì padé.

Ní agogo mẹ́rin, ará Chicago pe orúkọ náà. Ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ardis bú sẹ́kún bí opó tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà.